Olùdarí ní mo pẹ́ wọlé: ìdáhùn fún afunfèrè trombone kan

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fun trombone nínú báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sítírà kan ní Èkó pè mí pé kí n wá fun trombone kejì nínú Símfónì Kìíní ti Brahms, orin gígùn alápá mẹ́rin tí ọmọ Jámánì yẹn kọ fún ọ́kẹ́sítírà. Àwa mẹ́ta tí à ń fun trombone ò ní nǹkan kan láti fun títí di apá kẹrin, bí ìdajì wákàtí la fi ń jókòó lásán. Nígbà tó wá kàn wá, níbi orin jẹ́jẹ́ tó dà bíi híìmù yẹn, olùdarí dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní mo pẹ́, ó tún ní mo fláàtì, pé ohùn mi wà nísàlẹ̀ ibi tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n, orí igi tó fi ń darí wa gan-an ni mo ti wọlé, mi ò sì fláàtì rí nínú báǹdì wa. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Àbí kí n kúkú padà sí báǹdì mi?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, má padà. Olùdarí ò purọ́ mọ́ ọ, ìwọ náà ò sì purọ́. Létí tìrẹ, orí igi rẹ̀ lo ti wọlé, o sì pẹ́ lóòótọ́. Ìṣirò kékeré kan ló so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, kò sì sí ẹni tó ṣe é fún ọ rí, nítorí pé báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Nínú báǹdì, ẹ dúró ti ara yín, onílù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ohun tí etí rẹ gbọ́ náà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú ọ́kẹ́sítírà, ìlà tó kẹ́yìn ni ìjókòó wa. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fa fáyólíìnì níwájú lè tó mítà 14.

Ìṣirò náà rèé. Mítà bíi 343 ni ohùn ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mítà 14 yẹn á gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.04. Nígbà tí o bá gbọ́ fáyólíìnì, ó ti pẹ́ 0.04 kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. O wá fun tìrẹ mọ́ ohun tí o gbọ́, tìrẹ náà tún lo 0.04 kó tó padà dé iwájú. Létí olùdarí, o ti fi 0.08 pẹ́. Ó jọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí orin bá ń lọ ní kíkà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni kíkà kan. Pín kíkà yẹn sí mẹ́rin, ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.125. Ohun tí o fi pẹ́ ti ju ìdajì ìdá yẹn lọ. Ẹni tó ń fi etí jẹun kò lè ṣàì gbọ́ ọ.

Fèrè fúnra rẹ̀ tún gba tirẹ̀. Bí ọ̀pá tí à ń fà bá wà nílé, páìpù gígùn bíi mítà 2.7 ni trombone tẹ́nọ̀. Nígbà tí ètè rẹ kọ́kọ́ gbọ̀n, páìpù yẹn ò tíì ràn án lọ́wọ́. Ìgbì tí ètè rán jáde gbọ́dọ̀ rìn dé ẹnu gbàgàdà fèrè, kó padà wá bá ètè, kó tún lọ, kó tún bọ̀, kí ohùn tó fìdí múlẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ kan péré ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 0.016. Bí o bá ń fun ún sókè, agbára lè bo àlébù yẹn mọ́lẹ̀. Bí o bá ń fun ún jẹ́jẹ́, bí Brahms ṣe fẹ́ níbi tí ẹ wà yẹn, kò síbi tí wàá fi í pamọ́ sí.

Nítorí náà, nígbà ìwọlé, má dúró gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ni kí o fi wọlé. Bí o bá ti wọlé tán, kí etí wá máa báṣẹ́ lọ. Wo igi olùdarí, kí o sì tún wo ọwọ́ ọ̀tún olórí àwọn fáyólíìnì. Àwọn olùdarí kan wà tí ẹgbẹ́ wọn kì í dún níbi tí igi ti kanlẹ̀, ìgbà tí igi bá ti ń gbéra padà ni ohùn ń jáde. Kò sí ìwé tó máa sọ èyí fún ọ, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ náà kì í ronú kàn án mọ́. Ọwọ́ olórí fáyólíìnì ló máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọwọ́ yẹn bá ti fẹ́ ṣí, kí afẹ́fẹ́ tìrẹ ti wà lọ́nà.

Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni mo rò pé ìṣòro rẹ fi orí pamọ́ sí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń pẹ́ wọlé, mo sì máa ń wo èjìká wọn. Wọ́n á mí sínú ní kíkà méjì ṣáájú, wọ́n á wá sé èémí náà mọ́ àyà, ọ̀fun á tì, wọ́n á máa retí igi. Igi kanlẹ̀, wọ́n wá ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣí ọ̀fun. Àkókò tí wọ́n fi ń ṣí i ni olùdarí ń pè ní pípẹ́. Wo ẹni tó ń gún iyán. Ọmọ odó lọ sókè, ó sì ti ń bọ̀ nílẹ̀, kì í dúró lókè kó máa wojú ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí èémí rẹ rí. Kíkà tó ṣáájú ìwọlé rẹ ni kí o fi mí sínú, kí mímí yẹn gùn tó kíkà kan gẹ́ẹ́, kó sì yí padà di fífun láìdúró. Bí orin bá lọ́ra, mí lọ́ra. Bí ó bá yá, mí yíyá. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ mí, kí trombone kìíní jẹ́ aṣáájú. Bí ẹ bá jọ mí, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni mi orí.

Ahọ́n ńkọ́? Nínú báǹdì, a máa ń fi "tú" gún nóòtì kó lè jáde gaara lójú títì. Níbi híìmù Brahms yẹn, bí o bá fi "tú" gún un, wàá dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé tí ọmọ ti ń sùn. Nílé, máa fun nóòtì láìlo ahọ́n rárá, afẹ́fẹ́ nìkan, "húù", jẹ́jẹ́, títí ètè yóò fi máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà tí afẹ́fẹ́ kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nóòtì míì ò ní jáde rárá, òmíràn á pẹ́ kó tó jáde. Má ṣe fi ahọ́n ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ètè bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, dá ahọ́n padà, kó má ju "dù" lọ.

Ti fláàtì wá. Mo gbà pé o kì í fláàtì nínú báǹdì, torí pé ẹ kì í fi ìdajì wákàtí jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kí ẹ tó fun nóòtì kan. Oní-óbò fún yín ní A, nóòtì tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń bá ara wọn dọ́gba, o tún fèrè rẹ ṣe nígbà tó ṣì gbóná láti inú ìmúra. Lẹ́yìn náà o gbé e sórí itan, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lù ú. Ohùn ń sáré nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ju inú tútù lọ, nítorí náà páìpù tó tutù máa ń dún nísàlẹ̀. Láti kọ́kọ́rọ́ dúrù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e la pín sí sẹ́ńtì 100. Fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ inú fèrè bá fi tutù, o ti pàdánù nǹkan bíi sẹ́ńtì 3. Bí ó bá fi ìwọ̀n 6 tutù ju ìgbà tí o gba A, o ti bọ́ sílẹ̀ ní sẹ́ńtì bíi 18 kí o tó ṣe àṣìṣe kankan. Àwọn bàsúùnù tí ẹ jọ ń fun híìmù yẹn ti ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, fèrè tiwọn gbóná. Ìwọ nìkan lo tutù.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Ní gbogbo apá kìíní sí ìkẹta, ẹnu kékeré tí à ń fi ètè kàn wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi tàbí nínú àpò ṣòkòtò, kì í sí lára fèrè. Bí apá kẹta bá ti ń lọ sópin, mo dá a padà, mo gbé fèrè, mo sì ń mí afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú rẹ̀ láìjẹ́ kí ètè gbọ̀n, bí ẹni tó fẹ́ nu dígí awò ojú. Mo máa ń fa ọ̀pá jáde díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń ṣe é, kí gbogbo páìpù lè rí ooru gbà. Èémí yẹn á di omi nínú fèrè, mo sì máa ń tú omi náà dànù nígbà tí ìlù tàbí fáyólíìnì bá pariwo, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ. Bí o bá gbàgbé omi yẹn, á máa hó nínú nóòtì rẹ bí ìkòkò ẹ̀kọ. Kí o sì ti ṣí òrùka tó de ọ̀pá mọ́ra. Mo ti rí ẹni tó gbé fèrè sókè nígbà tó kàn án, tó fa ọ̀pá, tí ọ̀pá ò wá.

Ìjókòó ìdajì wákàtí yẹn, iṣẹ́ ni. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé yín. Brahms ti pé ẹni ọdún 43 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi Símfónì yìí han aráyé ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1876. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń kọ ọ́, tó ń pa á tì, tó tún ń gbé e. Ọkùnrin tó rora kọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó fi trombone mẹ́ta pamọ́ di apá tó kẹ́yìn. Láti ìgbà pípẹ́ ni etí àwọn ará Yúróòpù ti so ohùn fèrè yìí mọ́ ilé Ọlọ́run. Ní ọdún 1597, ní Venice, Giovanni Gabrieli tẹ orin kan jáde tó lo trombone mẹ́fà, inú ìwé orin yẹn sì wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i tí ẹni tó kọ orin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi tó fẹ́ jẹ́jẹ́ àti ibi tó fẹ́ kíkan. Ohùn ènìyàn ni trombone ń tẹ̀ lé nínú ṣọ́ọ̀ṣì: áltò, tẹ́nọ̀, béèsì. Nígbà tí Mozart lò ó nínú eré Don Giovanni ní Prague ní ọdún 1787, ó fi í pamọ́ di ìgbà tí ère òkú bá ń sọ̀rọ̀. Beethoven náà, nínú Símfónì Karùn-ún, kò jẹ́ kí wọ́n fun nóòtì kan títí di apá tó kẹ́yìn. Alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1808 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Vienna, nínú gbọ̀ngàn tí kò sí iná amúlégbóná, eré náà sì gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Mo máa ń ronú kan àwọn mẹ́ta tó fun trombone lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú fèrè tútù lọ́wọ́ wọn, tí trombone kìíní sì ní láti gun òkè dé F gíga. Bí ẹ̀rọ amúlétutù Èkó bá ń dà ọ́ láàmú, rántí wọn.

Ó wá ku kíkà. Ní apá mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí kíkà, àmọ́ apá kẹrin kò gba ìgbàgbé. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ọdún kẹta mi nínú ọ́kẹ́sítírà, lálẹ́ ọjọ́ eré kan, orin mìíràn ni, a ní ìsinmi báà 62 (báà ni ìdì kíkà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé orin). Àwa mẹ́ta la jókòó, kálukú gbọ́kàn lé ẹnì kejì. Mo sọ kíkà nù níbi bíi báà 40, mo sì sọ fún ara mi pé n óò wo ọwọ́ trombone kìíní. Òun náà ti sọ tirẹ̀ nù, ó ń wo tèmi. Mo rí i tó mi ara díẹ̀, mo rò pé ó ń gbé fèrè. Mo wọlé ní báà kan ṣáájú àsìkò, lórí ibi tí àwọn fáyọ́là nìkan ti ń dún. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, mo ṣì ń gbọ́ nóòtì yẹn. Láti ọjọ́ náà, kálukú ń ka tirẹ̀ láàárín wa, ní báà mẹ́wàá mẹ́wàá la sì ń fi ìka kan itan láti fi tó ara wa létí.

Bí o bá ń kà, jẹ́ kí nọ́ḿbà báà rọ́pò "ọ̀kan": ọ̀kan méjì mẹ́ta mẹ́rin, méjì méjì mẹ́ta mẹ́rin, mẹ́ta méjì mẹ́ta mẹ́rin. Ṣùgbọ́n má gbára lé nọ́ḿbà nìkan. Mọ orin náà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Fi pẹ́ńsù kọ ohun tí o máa gbọ́ sí orí ìwé rẹ. Apá kẹrin yìí rọrùn láti yà bí àwòrán ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́ra, ó ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà àwọn olókùn á máa fi ìka ja okùn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á máa sáré sí i. Wọ́n á dúró, wọ́n á tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Orin á ru sókè, ìlù timpani á sán bí àrá, gbogbo rẹ̀ á wá là bí ojú ọ̀run, fèrè họ́ọ̀nù á sì ké orin kan bí ẹni tó ń pè láti orí òkè. Orin yẹn ni Brahms kọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Clara Schumann, ní ọdún 1868 fún ọjọ́ ìbí obìnrin náà, ọdún mẹ́jọ kí Símfónì tó jáde. Họ́ọ̀nù á kọ́kọ́ ké e, fúlúùtù á gbà á. Nígbà tí fúlúùtù bá gbà á, gbé fèrè rẹ, híìmù yín ló ń bọ̀. Lẹ́yìn híìmù, họ́ọ̀nù á padà, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn fáyólíìnì á mú orin ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Bí o bá gbọ́ orin ńlá yẹn tí o kò tíì fun híìmù, o ti sùn lọ.

Nígbà tí ẹ bá wọlé tán, tí fèrè rẹ gbóná, o ṣì lè ṣàìbá àwọn yòókù dọ́gba, níbí ni wàá ti dúpẹ́ pé tónìkì sófà ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn nóòtì tó ń dún pọ̀, mọ ẹni tó di dò mú, ẹni tó di mí mú, ẹni tó di sò mú. Mí inú dúrù ga ju ibi tó ti máa ń jókòó jẹ́jẹ́ nínú kọ́ọ̀dù ńlá lọ, ó fi sẹ́ńtì bíi 14 ga. Dúrù ò lè ṣe é ní nǹkan kan, trumpet náà fẹ́ẹ̀ẹ́ lè tún un ṣe. Láàárín àwọn fèrè, àwa tó ń fa ọ̀pá nìkan ló rọrùn fún pátápátá. Láti ipò ọ̀pá kan sí òmíràn lókè jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 8, nítorí náà sẹ́ńtì 14 kò tó ìbú ìka kan. Bí ìwọ bá di mí mú, fà á jáde ní ìwọ̀n yẹn, wàá gbọ́ tí kọ́ọ̀dù náà á dákẹ́ gbígbọ̀n, tí á dúró bí omi inú àmù. Ẹni tó wà ní trombone kìíní ní iṣẹ́ tó le ju tìrẹ lọ. A gíga wà nínú híìmù yẹn fún un, ó gbọ́dọ̀ fun ún jẹ́jẹ́, lẹ́yìn ìdajì wákàtí ìsinmi. Iṣẹ́ rẹ ni láti tẹ́ ẹní fún un. Má fi ohùn rẹ tì í, má sì jẹ́ kó máa wá ibi tí ìsàlẹ̀ wà.

Kò sí àmì lára ọ̀pá. Ipò méje tí wọ́n kọ́ ọ, àdúgbò ni wọ́n, ilé tí wàá yà sí nínú àdúgbò náà yàtọ̀ láti nóòtì sí nóòtì. G tó wà lókè C àárín dúrù, ipò kejì la ti ń fun ún, ṣùgbọ́n bí o bá fà á dé ibi tí o máa ń fà á fún A tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á fláàtì púpọ̀. Ohùn keje ni nínú àwọn tí páìpù lè mú jáde nígbà tí ọ̀pá wà lójú kan, fláàtì ni wọ́n bí i. Fa ọ̀pá wọlé kí o tó fun ún.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ fún ọmọ Yorùbá ní pàtàkì. Etí wa fẹ́ràn kí ohùn máa yọ́. Pe "ìlú", kí o tẹ́tí sí "lú": láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gun òkè. Pe "rárà": "rà" ń yọ̀ sílẹ̀. Dùndún ń ṣe é, ohun tó fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ọ̀pá trombone sì lè ṣe é ju fèrè èyíkéyìí lọ. Nínú báǹdì, a máa ń jẹ́ kí ọ̀pá yọ́ láti nóòtì sí nóòtì, ìjọ á sì jó. Nínú Brahms, ẹrẹ̀ ni yóò dà. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ dúró sí nóòtì títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí, kó tó wá fò lọ síbi tó kàn. Ahọ́n "dù" yẹn á bo ìrìn-àjò náà, afẹ́fẹ́ ò sì gbọdọ̀ já. Àwọn tó bẹ̀rù pé àwọn á pẹ́ máa ń tètè gbé ọ̀pá, òun ló ń fa ìyọ́. Wọ́n kọ ìyọ́ sí ìwé fún wa nínú àwọn orin mìíràn, Bartók kọ ọ́, Stravinsky kọ ọ́, ọjọ́ yẹn ni kí o jẹ́ kí ọ̀pá rẹ sọ̀rọ̀.

O kò béèrè nípa kílẹ́fù, àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin tó ń sọ nóòtì tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń gba àkókò rẹ, torí ó gba tèmi. Báǹdì onírin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ trombone tẹ́nọ̀ sí kílẹ́fù trẹ́bù, C tó wà nínú ìwé ń dún bíi B-fláàtì. Ọ́kẹ́sítírà ń lo kílẹ́fù béèsì, tẹ́nọ̀ àti áltò, bó bá sì ṣe rí nínú ìwé náà ló ń dún. Nǹkan kan wà tó máa dùn mọ́ ọ: ibi tí nóòtì ń jókòó sí nínú kílẹ́fù tẹ́nọ̀, ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí nínú ìwé báǹdì rẹ. Wo ìlà rẹ̀, fà á bí o ti ń fà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí o kàn fi ṣáápù méjì kún un lọ́kàn, tàbí kí o yọ fláàtì méjì. Bí ìwé Brahms bá jẹ́ C láìní àmì, kà á bí ìwé báǹdì tó ní ṣáápù méjì. Ṣọ́ra fún àwọn àmì tó bá wọlé láàárín báà. Kílẹ́fù áltò kò ní ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, jókòó tì í ní ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún oṣù kan.

Ní ìparí, híìmù yẹn á padà wá, kíkan gidi, gbogbo ẹgbẹ́ á dìde sí i. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń gbẹ̀san ìdajì wákàtí lára gbogbo wa. Má ṣe é. Fún un ní ohùn tó fẹ̀, má fún un ní èyí tó mú, tó bá sì ti di pé o ò gbọ́ àwọn olókùn mọ́, dín in kù. Ẹ̀dá ènìyàn ló jókòó síwájú fèrè rẹ. Ní ọdún 2012, nígbà ìdánrawò orin Wagner ní Royal Opera House ní London, etí ẹnì kan tó ń fa fáyọ́là bàjẹ́ nítorí ariwo àwọn fèrè onírin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní ọdún 2018. Kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́. Wo ibi tí ẹnu fèrè rẹ kọjú sí. Bí orí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, sún àga rẹ, tàbí kí o bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé pákó ìjókòó yín sókè kí ohùn lè kọjá lórí wọn.

Ní ìdánrawò tó ń bọ̀, tètè dé. Bá àwọn méjèèjì tó ń fun bàsúùnù sọ̀rọ̀ kí olùdarí tó dé, kí ẹ̀yin márààrún fun híìmù yẹn láìsí ẹlòmíràn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ẹ mí pọ̀, kí ẹ má fun nǹkan kan. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí trombone kìíní dákẹ́, kí ẹ gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ rẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fun ún tán, kí ẹnì kan dúró síbi tí olùdarí máa ń dúró sí, kó gbá kíkà fún yín, kó sì sọ ibi tó ti gbọ́ yín. Báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, má fi í sílẹ̀ o. Híìmù ọjọ́ Ìsinmi ni ìdánrawò tó dára jù tí o ní fún Brahms. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn eré, kí o sọ ohun tí olùdarí wí.